Ife Kọfí Ìyá Rukia

Nuhu Kiobya dé Tanga ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun ọ̀sán tán. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Dar es Salaam ló rán an wá gba ìtàn tuntun lọ́wọ́ Salehe Mbaruku, tó máa ń kọ ìtàn ọ̀daràn. Ó ti pẹ́ tí ìwé Salehe ti jáde kẹ́yìn. Àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ ò yéé bèèrè, wọ́n sì ní ìyàwó rẹ̀ ló fà á.

Ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ò pamọ́. Salehe kì í fi ìtàn ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ kà á fún Mwanaidi ìyàwó rẹ̀, lórí ìjókòó òkúta tó wà níwájú ilé wọn. Obìnrin náà á máa mu kọfí. Ibi tó bá ti mọ ẹni tó pààyàn, á da ife kékeré náà dojú bolẹ̀. Salehe á dìde, á sì lọ fa ìtàn ọ̀hún ya. Èyí tó bá kà dópin tí ife ò dojú bolẹ̀ nìkan ló ń di ìwé. Bí ìyàwó ẹni bá gbọ́n tó báyẹn, ńṣe lèèyàn á máa fara dà á.

Nígbà tí Nuhu dé, ọkọ àtìyàwó wà lórí ìjókòó náà. Rukia ọmọ wọn, tó ti kó padà wá sílé láti máa tọ́jú wọn, gbé kọfí jáde.

"Ìyá Rukia, àlejò wa láti Dar nìyí," ni Salehe wí.

Mwanaidi wò ó látòkè délẹ̀. "Láti Dar? Ó mà ti gbẹ jù. Àbí wọn kì í jẹun níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń jẹun, Màmá, ọ̀gá mi ló ń jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀," ni Nuhu dáhùn. "Òkìkí yín ti kàn dé ọ̀dọ̀ wa o. Ẹ dákun, ẹ ṣàánú wa, ẹ má da ife yẹn dé lónìí."

"Ife wo?"

Nuhu bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ó yíjú sí Salehe. "Bàbá, ṣé ìtàn ti wà nílẹ̀?"

"Èyí tí mo fẹ́ kà rèé. Jókòó, gbọ́ ọ. Tá a bá parí, a óò sọ tìwé."

Salehe bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Agbára káká ló fi ń wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n bá olówó kan ní Pangani lórí ibùsùn rẹ̀, wọ́n ti fi okùn fún un lọ́rùn pa. Ẹni mẹ́ta ló sùn sílé náà mọ́jú: àbúrò rẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó ń bá a kó àgbọn, àti ìyá arúgbó tó ń se oúnjẹ fún un. Okùn náà ń ta sánsán kànáfùrù. Nígbà tí Salehe ka ibẹ̀, ó dánu dúró, ó wo ife ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì tún ibẹ̀ kà. Kò pẹ́, alásè náà fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, òórùn kànáfùrù ò kúrò ńbẹ̀. Salehe tún ka ìyẹn náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ náà dun Nuhu. Ẹni tó bá ń kọ irú ìtàn yìí, ńṣe ló yẹ kó fi àmì pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ bí ẹní fi òkúta wẹ́wẹ́ pamọ́ sínú ìrẹsì. Bàbá yìí ń nà án sí èèyàn lójú. Nuhu ti mọ̀ pé alásè náà ló pa á kó tó mu ife kọfí rẹ̀ àkọ́kọ́ tán. Ó rò ó pé ọjọ́ ogbó ti dé bá Bàbá, ó sì ń retí kí ife dojú bolẹ̀.

"Ṣé àlejò ti mu kọfí?" ni Mwanaidi bèèrè.

"Wọ́n ti mu, Màmá," ni Rukia wí, ó sì bu sí i fún Nuhu.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Mwanaidi tún bèèrè. Rukia tún bu sí i. Nuhu rọra mu ún, torí àlejò kì í kọ kọfí.

Nígbà tó ku ojú ewé kan, Salehe dúró.

"Ìyá Rukia, ta ló pa á?"

Mwanaidi wo títì. "Ọ̀gá ọkọ̀ yẹn ni. Ojú ẹ̀ ò dáa." Ó na ife rẹ̀ sí Rukia kó bu kọfí sí i.

Nuhu fò sókè. "Bàbá, ẹ ti borí Màmá!"

Salehe ká bébà náà, omi sì dà lójú rẹ̀. Mwanaidi fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún fún un.

"Bàbá Rukia, kí ló dé? Ìtàn yẹn mà dùn o. Orí ẹni tó ronú ẹ̀ pé."

"Ó pé," ni Salehe wí.

Nuhu na ọwọ́. "Bàbá, ṣé kí n máa mú un lọ?"

"Èyí kì í ṣe títà, ọmọ mi. Máa lọ ire."

Rukia sin àlejò dé títì. Inú Nuhu ò dùn. "Màmá mọ̀ ọ́n," ló wí. "Àánú Bàbá ló ṣe wọ́n tí wọ́n fi ṣe bí ẹni tí ò mọ̀."

Rukia dúró, ó ní ìtàn yẹn kì í ṣe ti bàbá òun rárá, pé ìyá òun ló ronú rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló fi kànáfùrù sọ́wọ́ alásè láti fi dán bàbá òun tó ń fẹ́ ẹ nígbà náà wò, àti pé látìgbà tí iyè ìyá òun ti ń ra, kò sí ọ̀sán Jímọ̀ kan tí bàbá òun kì í kà á fún un, tí yóò sì máa wo ife náà bóyá yóò dojú bolẹ̀.