Ìjókòó Etu

Ẹ bá mi gbè é o! Orí Etu ni àlọ́ mi balẹ̀ sí.

Etí Etu ń di, kò sọ fẹ́nì kan. Ẹ̀rù ń bà á: bí ajá ọdẹ bá ń bọ̀, tí òun ò gbọ́ ṣaworo ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Ló bá lúgọ sábẹ́ igbó, ewé tó bá sún mọ́ ẹnu ló ń jẹ. Láràárọ̀ ni Òyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń fi orin ìrìn wọn pè é:

Etu, dìde ká rìn o!
*Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀!*

Ẹ̀yin lẹ gbè é yẹn. Etu ò gbọ́. Òyà wá pariwo sí i létí: "Jẹ́ ká jọ máa rìn. Èmi á máa bá ọ gbọ́."

"Ta ló ní n ò gbọ́ nǹkan? Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ọdẹ dáná sun igbó. Etu gbóòórùn èéfín, ó sì tètè rí iná lókèèrè. Kò sí ohun tó fẹ́ fi etí ṣe. Ó rí ẹnu Òyà tó ń ṣí tó ń pa dé lẹ́bàá odò, ó mọ orin náà. Ó fẹ́ dìde. Orúnkún tí kò rìn láti ìgbà òjò yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́.

"Mò ń bọ̀," ni Etu ń gbè é lórí ìjókòó, "mò ń bọ̀!"