Ẹni Kẹwàá Nínú Àdúrà Aṣeri

Àwọn òǹkọ̀wé Júù péjọ síbi òkú Aṣeri, ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn tó wà lókèèrè yọ bí àwòrán ìmọ́lẹ̀ lórí àga. Bí Júù kò bá pé mẹ́wàá, wọn kì í gba àdúrà òkú. Ẹ̀rọ ìjọba tó wà lẹ́nu ọ̀nà ka àwọn Júù ibẹ̀, ó ní, "Mẹ́sàn-án."

"Mẹ́wàá ni wá, ojú ẹ̀rọ yìí ti fọ́," ni ẹnìkan wí. "Àbí kí Aṣeri dìde wá kún wa ni?"

Naftali, ọ̀kan nínú wọn, dorí kodò. Kí ìwé rẹ̀ lè tà ló ṣe sọ fún ẹ̀rọ ìjọba lọ́dún tó kọjá pé òun kì í ṣe Júù, òǹkọ̀wé lásán lòun.

"Èmi ni kò kà, Ìyá Ruutu," ló wí fún ìyàwó Aṣeri.

Opó náà mi orí. "Aṣeri mọ̀. Kó tó kú, ó ní tí o bá dé, kí n gbé àga rẹ síwájú, kí ojú má baà tì ọ́."

Naftali kò lè jókòó.