Àwọn Ọmọ Ọ̀pẹ Sàlíhù

Sàlíhù ò fọkàn tán obìnrin tí ìjọba rán wá yìí rárá.

Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dáko mọ́ ní àbàtà etí ọ̀sà Èbúté Mẹ́ta, kí ẹja àti ẹyẹ lè ráyè bí sí i. Ẹni tó bá ní ohun ọ̀gbìn níbẹ̀ á gba owó gbà-máà-bínú.

Nítorí èyí ni Sàlíhù ò ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀ lónìí.

Obìnrin náà ń ka àwọn ọmọ ọ̀pẹ Sàlíhù níbẹ̀. Sàlíhù ń tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Àǹtí, ẹ má fo ìyẹn o! Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin ará ìjọba, ẹ máa ń rẹ́ni jẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fo nǹkan kan."

Ìyá Fadilah, àgbà obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀, kàn ń wò wọ́n láti àárọ̀.

Kí ló ń wò? Sàlíhù rò ó lọ́kàn. Àbí ìyá yìí àti obìnrin ìjọba yìí ti jọ rí ara wọn ní kọ̀rọ̀ ni?

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ gbin àwọn ọ̀pẹ yìí?"

"Lẹ́yìn Iléyá èṣí. Ṣé ẹ fẹ́ pè mí ní onírọ́ ni?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó di ọmọ ọ̀pẹ kan mú, ó rọra fà á.

Ó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi tà á ṣì wà nídìí rẹ̀ digbí.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ò tíì mọ̀ pé òun ti dé oko."

Ìgbà náà ni Ìyá Fadilah ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu bá obìnrin náà sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, bá mi fa àwọn tó kù. Orí ebè ẹ̀fọ́ mi ni gbogbo wọn dúró sí."