Gbogbo Irin Ilé Ezekiel

Ẹṣin ni wọ́n fẹ́ fi irin àlòkù kọ́ sórí pápá tó wà láàárín àwọn ilé ní Hartstown, ẹṣin gàgàrà tí èèyàn yóò máa rí láti ọ̀nà jíjìn. Àsìkò tí owó ń ṣàn ní Dublin, olú ìlú Ireland, ni, tí ilé tuntun ń yọ bí olú. Àwọn ará àdúgbò dá owó jọ, wọ́n sì ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú irin tirẹ̀ wá. Ilẹ̀kùn mọ́tò tí àwọn ọmọ ìta dáná sun ni wọ́n fi ṣe ìhà ẹṣin náà, inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n fi ṣe ikùn. Adélékan, wẹ́dà ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn yòókù ń fi òòlù lu irin kó lè tẹ́.

Màmá Àdìnlẹ́wà wà lára àwọn tó ń lu irin. Láti Ìbàdàn ni ó ti wá bá Iyìolúwa ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n bí ó ti gbọ́ ìró òòlù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé mọ́. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gúnyán nìyẹn, kí àwọn òyìnbó wá kọ́ṣẹ́. Ó lu ilẹ̀kùn mọ́tò kan títí gíláàsì fi ya á lọ́wọ́. Ó fẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó tún gbé òòlù.

Kò sí ẹni tó ń mú irin wá tó Ezekiel. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé Iyìolúwa. Áyọ́ọ̀nù ni ó kọ́kọ́ mú wá. Lẹ́yìn náà ó mú irin kọ́tìnì tó ti tẹ̀ kọrọdọ láàárín. Ó mú ìgbákọ. Ó mú ìdérí ìkòkò tó ti jìn níkùn. Fìlà òtútù ni ó máa ń dé wọlé sójú, àní nínú oòrùn oṣù keje.

"Ẹ jó o mọ́ ọn dáadáa o, ẹ̀gbọ́n," ni ó máa ń wí fún Adélékan. "Kẹ́nikẹ́ni má lè yọ ọ́."

"Ta ló fẹ́ jí ìdérí ìkòkò?" Adélékan bú sẹ́rìn-ín. "Wo iwájú orí rẹ bó ṣe wú lábẹ́ fìlà. Irin wa ti gbá ọ nìyẹn."

"Irin ni, ẹ̀gbọ́n."

Declan, òyìnbó tó jẹ́ alága iṣẹ́ náà, fọwọ́ gbá a lẹ́yìn láti yìn ín. "Fair play to you, Ezekiel!" Ezekiel fò sókè bí ẹni tí iná jó. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Màmá kò bá wọn rín in. Ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ lára ògiri yẹn kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Bó bá ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, yóò gbọ́ gbì, gbì, bí ìgbà tí èèyàn ń na àpò gàrí. Nǹkan á fọ́. Ohùn Kòfowórọlá, ìyàwó Ezekiel, á ròkè lálá: "Wàá pa mí nínú ilé yìí! Ezekiel, wàá pa mí!" Ohùn ọkọ kì í jáde rárá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ezekiel á tún gbé irin kan dé pápá.

"Ajá tí yóò bùni jẹ kì í gbó," ni Màmá wí.

"Ṣùgbọ́n Màmá, mi ò rí àpá kankan lójú Kòfó," ni Iyìolúwa fèsì.

"Ẹni tó mọ obìnrin nà kì í nà á lójú. Abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń na ìyá mi sí, títí tí a fi sin wọ́n. Mi ò ní í jókòó tira ògiri kí wọ́n máa pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbé orí ẹṣin lé e lọ́rùn, ariwo sọ nílé Ezekiel láti òwúrọ̀. Kò pẹ́ tí Ezekiel fi sáré dé orí pápá, ó ń mí hẹlẹ, páànù dúdú tí wọ́n fi ń dín ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà létí páànù náà.

"Ẹ bá mi jó o mọ́ ọn kíá, ẹ̀gbọ́n. Kó tó dé."

"Kí ta ni tó dé?" Màmá já páànù gbà. "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

Ezekiel na ọwọ́ láti gba páànù padà.

"Mo ní ẹ̀jẹ̀ ta nìyí? Ìwọ náà ń pe ara rẹ lọ́kùnrin! Ìyàwó rẹ dà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ọkùnrin kì í sọ ọ́ níta."

Adélékan kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ba Ezekiel lẹ́nu, eyín kan fò bọ́ sínú koríko. Òmíràn bà á níkùn. Ezekiel ṣubú lu ilẹ̀kùn mọ́tò, etí irin ya apá rẹ̀ gbàrà. Kò gbé ọwọ́ sókè. Declan ń ké pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, "Lads! Lads!" Màmá fọwọ́ méjèèjì di páànù mú, ó là á mọ́ ọn léjìká.

"Ti ìyá mi nìyẹn." Ó tún là á. "Ti ọmọ ọlọ́mọ nìyí."

Fìlà òtútù bọ́ sílẹ̀ lórí Ezekiel. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú irun rẹ̀.

Kòfowórọlá ló dá wọn dúró. Ó sáré jáde láti ilé, ó kúnlẹ̀ gbì sórí koríko, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má pa á fún mi. Ọkọ mi ni!" Àwọn obìnrin ń pòṣé, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́. Màmá fà á dìde, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ó sì ki páànù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ mi. Ìwọ náà gbá a ní tìrẹ. Má bẹ̀rù rẹ̀ mọ́."

Ezekiel, tí kò gbọwọ́ sókè sí ẹ̀ṣẹ́ Adélékan, tí kò sì gbin nígbà tí Màmá ń là á mọ́ ọn, rí páànù náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ká orí sáàárín orúnkún, ó fi apá méjèèjì bò ó bí ẹni tó ti mọ ibi tí yóò bà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé, "Kòfó, jọ̀ọ́, mi ò ní í gbé irin jáde nílé mọ́, jọ̀ọ́, má tún là á mọ́ mi lórí."