Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àǹtí Ràdíátù

"Ọ̀lẹ ni ẹ́, ìyàwó. Kò sí àìsàn kankan."

Àǹtí Ràdíátù nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn wá tọ́jú mi l'Ájégúnlẹ̀.

Ara wọn ń dán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ róbótó. Àwọn ará ilé á ní, "Àǹtí, you dey fresh o!"

"Ọkàn mímọ́ ni," wọ́n á fèsì.

Ọkàn mímọ́ kẹ̀!

Dókítà ní ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara mi ló ń bá ara mi jà. Ìka mi wú, mi ò lè ṣí ìgò oògùn. Àǹtí ló ń fi hóró kan tó ń kan bí ọsàn sí mi lẹ́nu.

Síbẹ̀, mò ń rù sí i.

Ọsibítù rẹ̀ ní Àpápá ń ṣèwádìí ohun tí oúnjẹ àti oògùn ń dà nínú ẹ̀jẹ̀ irú wa. Wọ́n ní kí n mú ẹni tí ara rẹ̀ le wá, tí a jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wa wéra.

Àǹtí na apá síta. "Ẹ fa tèmi, kẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ èèyàn gidi!"

Lónìí, dókítà pe àwa méjèèjì.

"Màdáàmù, kò sí oògùn yín nínú ẹ̀jẹ̀ yín rárá. Fítámín Sì la rí."

Ó kọjú sí Àǹtí. "Ẹ̀jẹ̀ tiyín ni oògùn náà kún."

"Irọ́ ni ẹ̀rọ yín ń pa!"

Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ẹ ṣáà sọ pé oògùn yẹn á mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Ẹ wo ibi tó gbà lọ."