Èéfín Tó Tú Sójú Àbúrò Rẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí kan ìsàlẹ̀, ẹ má fò ó. Tí awakọ̀ kan bá wà nílé yín, ẹ kà á sí i létí.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń fi típà tirẹ̀ kó yanrìn àti òkúta fún iléeṣẹ́ tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Baba Ẹnjíìnì ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnjíìnì, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Ó mọṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà, òun náà ló mú un wọ iléeṣẹ́ yẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ń fọṣọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yìnkùlé ló ń sá aṣọ ibùsùn funfun sí, ibẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ ń gbé típà sí. Láràárọ̀, ọkùnrin yìí á tan ẹnjíìnì sílẹ̀, á lọ wẹ̀, á jẹun, á tún máa wá bàtà kiri, ọkọ̀ á sì máa tú èéfín lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó na aṣọ kan sí i.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wo aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ó ti dúdú. Ohun tó bà lé e yìí, òun náà la ń fà símú. Àbí kí lẹ rò pé ó ń mú ọmọ yín wúkọ́?"

"Eruku ni."

"Eruku tó ń rùn bí epo?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Èéfín tó ń bọ́ ọ nìyẹn o. Tún aṣọ ẹ fọ̀."

Ó tún un fọ̀. Kí ló fẹ́ ṣe?

2.
Nígbà tó yá, ọ̀gá iléeṣẹ́ pe gbogbo awakọ̀ jọ. Ó ní àwọn fẹ́ máa lo ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, torí èéfín ti pọ̀ jù ládùúgbò. Ó ní ẹni tó bá fẹ́, àwọn á kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá tíì ṣetán, kó máa wa tirẹ̀ lọ ná.

Àbúrò ló kọ́kọ́ nawọ́. Inú bí Baba Ẹnjíìnì. Ọkọ̀ tuntun yẹn kò ṣe é ní nǹkan kan o. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ tí òun kọ́ ní gíà yíyí fẹ́ lọ máa wa ọkọ̀ tí kò ní gíà.

"Fóònù lo fẹ́ máa wà?" ló bi í níwájú gbogbo wọn. "Tó bá kú lójú ọ̀nà, ṣé wàá pè mí wá fi okùn fà ọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ni mo tún fẹ́ pè? Àmọ́ ẹ wá wọnú ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Kì í pariwo. Èèyàn á máa gbọ́ ohun tó ń rò."

"Awakọ̀ kì í ronú. Ó ń wakọ̀ ni."

Ká sòótọ́, ọkọ̀ oníná náà ní wàhálà tiẹ̀. Ó máa ń pẹ́ lẹ́nu ṣáájì, kì í sì í ṣe gbogbo ibi lèèyàn ti lè rí iná fi ṣáájì ẹ̀. Ká ní iyèméjì ló dá ọkùnrin yìí dúró ni, a ò ní rí ìtàn sọ.

3.
Ó lọ bá mẹkáníìkì. Ó ní kó bá òun pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, kó sì tún ẹnjíìnì ṣe kó lè máa tú èéfín dúdú sẹ́yìn nígbàkígbà tí òun bá tẹná.

"Ẹ̀gbọ́n, epo á máa ṣòfò o. Ẹnjíìnì yín náà ò ní pẹ́."

"Ṣé mo ní kó o gbà mí nímọ̀ràn ni?"

Wọ́n ṣe é. Láti ìgbà náà, tó bá ti rí ọkọ̀ oníná, á yà á sílẹ̀, á bọ́ síwájú, á tẹná. Àwọn tó wà ní oríta á hó yèè, wọ́n á ya fídíò, wọ́n á máa pè é ní akọni. Orí rẹ̀ wú.

Ìyàwó rẹ̀ rí fídíò kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe irú eléyìí sí àbúrò yín."

"Eré ni. Òun náà mọ̀ pé eré ni."

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, títì ń yọ̀. Àbúrò di òkúta kún ọkọ̀ oníná rẹ̀, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Baba Ẹnjíìnì yọ sí i lẹ́yìn, ó fọn fèrè, ó yà á sílẹ̀. Bó ṣe bọ́ síwájú, ó wo jígí. Ó rí àbúrò rẹ̀ kedere, tó ń juwọ́ sí i.

Ó tẹná.

Gbogbo ojú ọ̀nà ṣú. Àbúrò ò rí ibi tí títì ti yí mọ́. Ó tẹ búréèkì, ọkọ̀ yọ̀, ó lọ kọlu ògiri. Iwájú ọkọ̀ rún wọnú, ó sì há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́nú.

Ọsibítù ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún. Nígbà tó lajú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo juwọ́ sí yín. Ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ọ."

"Ẹ rí mi, ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́?"

Ìyàwó Baba Ẹnjíìnì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kàn yíjú, ó bá tiẹ̀ lọ.

5.
Àwọn fídíò tí wọ́n ń hó fún yẹn ni wọ́n gbé síwájú adájọ́. Ilé ẹjọ́ gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, iléeṣẹ́ lé e. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ra típà náà, wọ́n tú u palẹ̀ lójú rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan láti oríta tó wá kí i.

Àbúrò ní òun ti dárí jì í, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò pè é ní bọ̀ọ̀dá mọ́. "Ẹ ǹlẹ́ o" ló fi ń kí i báyìí, bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tó kàn ń kọjá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò ní kí ẹ ta ọkọ̀ elépo yín lónìí. Owó ò sí lọ́wọ́ gbogbo wa, nǹkan tuntun sì máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Àmọ́ ẹ̀rù yàtọ̀ sí ìgbéraga. Tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ pa ẹnjíìnì. Tí aráalé yín bá ní èéfín ń pa àwọn lára, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá yan ọkọ̀ míì, ẹ jẹ́ kó kọjá. Èéfín tí ẹ bá tú síta, ojú ẹnìkan ló ń lọ, àyà ẹnìkan ló ń wọ̀, ẹ ò sì lè pè é padà.