Bàbá Tí Ìwé Ìwọ̀lú Ń Pè

Orúkọ tó wà nínú ìwé ìwọ̀lú kò bá èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù dẹ́rẹ́bà mu. Kì í ṣe pé ó yẹ̀ díẹ̀, kò bá a mu rárá ni, láti orí dé ìdí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun ló fi ìwé náà, èyí tí èèyàn fi ń lọ gba físà, ránṣẹ́ sí ilé, kí bàbá rẹ̀ lè wá máa bá a gbé, kó sì wá rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Dẹ́rẹ́bà fi eyín ya àpò ìwé, ó rí ibi tí wọ́n kọ "bàbá" sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló tó wá rí orúkọ.

Ọjọ́ ìbí pàápàá kò tọ̀nà. Wọ́n fi ọdún mẹ́fà kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní ìyẹn kò burú, pé bí òun bá wo dígí láàárọ̀, ohun tí òun náà máa ń rò nìyẹn.

Kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ó ní títì ti sọ orí òun di ajere, ohun tó bá wọlé síbẹ̀ kì í dúró. Gbogbo ẹbí ló sì fún un lórúkọ nígbà tí wọ́n bí i, onílé fún un, àlejò fún un. Bí òun bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, ta ló máa bá òun jà? Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n ronú títí, ó ní òun kò rántí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ìyá àgbà kan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. "Ó lè jẹ́" yẹn tó dẹ́rẹ́bà. Lọ́jọ́ kejì ó ti wà ní kọ́ọ̀tù, ó ń búra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì.

Àwọn tó ń fúnni ní físà tún ní kó mú ẹlẹ́rìí wá, ẹni tó mọ bàbá tó sì mọ ọmọ. Èyí kò le. Kápẹ́ńtà, ayálégbé rẹ̀, ti ń gbé yàrá iwájú ilé kí ìyá ọmọ náà tó kú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ilé fi ń pè é, bí wọ́n ṣe ń fi ti dẹ́rẹ́bà pe òun náà. Kò sí ẹni tó máa la orúkọ mọ́ àgbàlagbà lórí. Fóònù Kápẹ́ńtà sì ni ọmọ náà máa ń pè, torí pé ti dẹ́rẹ́bà kì í sábà ní iná.

Kápẹ́ńtà gbé ayùn sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ọmọ yẹn ná."

"Ká pè é ká ní kí ni? Pé bàbá rẹ̀ ò mọ orúkọ ara rẹ̀?"

Kápẹ́ńtà wo pákó tó wà níwájú rẹ̀. "Mi ò ní lè purọ́ níbẹ̀ o, Dẹ́rẹ́bà. Tí wọ́n bá bi mí, màá sọ pé ẹ̀yin lẹ bí i."

"Kí ni mo tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn?" ni dẹ́rẹ́bà wí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi.

Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì físà kò ju ọmọ dẹ́rẹ́bà lọ lọ́jọ́ orí. Ó ka ìwé ìbúra, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun máa bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀. Ilé ìwé wo ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀? Dẹ́rẹ́bà yíjú sí Kápẹ́ńtà, Kápẹ́ńtà sì sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kí ló gbé ọmọ náà dé ọsibítù nígbà tó wà ní kékeré? Dẹ́rẹ́bà ní ibà. Kápẹ́ńtà wúkọ́, ó ní apá ló kán. Obìnrin náà wá béèrè ẹni tó sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tó ń lọ.

"Ẹ má bínú, màdáámù," ni dẹ́rẹ́bà wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo máa ń gbé dé ibi tí wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ tí tèmi ń lọ, èrò ló wà nínú mọ́tò mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Dẹ́rẹ́bà náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lónìí, ó mọ̀ pé òun lè má fojú kan ọmọ náà mọ́ láyé. Ó sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ sẹ́sẹ̀, kó wà nílé lẹ́ẹ̀kan kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Obìnrin náà yíjú sí ẹlẹ́rìí. Ó béèrè bóyá ọkùnrin yìí ni bàbá ọmọ náà.

"Òun ló bí i," ni Kápẹ́ńtà wí.

Ó tún béèrè bóyá ọkùnrin yìí ló ń jẹ́ orúkọ tó wà nínú ìwé ìwọ̀lú. Kápẹ́ńtà tẹjú mọ́ ìwé náà. Obìnrin náà ní ó dáa, kí Kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ mú ìwé tó fi ẹni tó jẹ́ hàn wá. Kápẹ́ńtà ki ọwọ́ bọ àpò, kò sì yọ ọ́ síta.

"Ẹ fún wọn, bàbá," ni dẹ́rẹ́bà wí. "Kí la fẹ́ fi pamọ́?"

"Ẹ má bínú sí mi, Dẹ́rẹ́bà," ni Kápẹ́ńtà wí, ó sì ti pásípọ́ọ̀tù tuntun kan gba abẹ́ gíláàsì.

Obìnrin náà ṣí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìwọ̀lú, ó sì yí méjèèjì padà kí dẹ́rẹ́bà lè fojú ara rẹ̀ kà á: lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Kápẹ́ńtà ni orúkọ tí dẹ́rẹ́bà ti búra ní kọ́ọ̀tù pé ó jẹ́ tòun wà, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tó fi ọdún mẹ́fà ju tirẹ̀ lọ, kò sì sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.